Ẹṣin Olójú Obìnrin

Ọmọ ọmọ mi gbé àwòrán ẹṣin kan wá fún mi níjọ́sí, ó ní kí pálọ̀ mi lè dùn ún wò. Ẹṣin funfun ni, ó ń sáré létí omi, gọ̀gọ̀ ọrùn rẹ̀ ń fẹ́. Mo ní, "Gbé e jáde." Ó ní, "Màmá, kí ló ṣe?" Mo ní kó gbé e jáde ná. Ìgbà tó gbé e jáde tán ni mo tó pè é pé kó mú bírò wá kó jókòó, torí èmi ò mọ̀wé kọ.

Ẹṣin tí mo kọ́kọ́ mọ̀ láyé kì í ṣe èyí tó ń jẹ koríko. Inú gíláàsì ló wà, lára ògiri pálọ̀ bàbá mi ní Ẹ̀pẹ́. Ọmọ Èkó-Ẹ̀pẹ́ ni bàbá mi, ìran àwọn tó bá ọba wọn sá kúrò ní Èkó láyé àtijọ́, ìmàle pọ́ńbélé ni wọ́n. Ilé ìmàle tó bá rí jẹ díẹ̀ nígbà náà, kí òyìnbó tó fún wa lómìnira, àwòrán yẹn kì í wọ́n níbẹ̀: ẹṣin tó gbé Ànábì lọ sí sánmà. Buráàkì làwọn ààfáà ń pè é. Ara ẹṣin ló ní, ó ní ìyẹ́ apá méjì, ìrù rẹ̀ dà bíi ti ọ̀kín, ṣùgbọ́n ojú obìnrin ló wà níbi tó yẹ kí ojú ẹṣin wà. Obìnrin pupa. Ó lé tìróò, ó dé adé, irun rẹ̀ wálẹ̀ dé ọrùn. Ibi yòówù kéèyàn dúró sí nínú pálọ̀ yẹn, ó ń wò ó.

Ìyá mi kì í ṣe ìmàle. Ọmọ Ìlàjẹ ni, onígbàgbọ́, ọmọ apẹja. Ẹja yíyan ló ń gbé wá sọ́jà Ẹ̀pẹ́ tí bàbá mi fi rí i, tó fi fẹ́ ẹ ṣe ìyàwó kẹta. Wọ́n kọ́ ọ ní ìrun, ó kọ́ ọ. Wọ́n ní kó má lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́, kò lọ mọ́. Àfi ìgbà tí bàbá rẹ̀ kú. Bàbá mi ò sí nílé lọ́jọ́ tí ìròyìn dé, ìyá mi ò sì dúró gbàṣẹ. Ó wọ ọkọ̀, ó lọ sin bàbá rẹ̀. Kó tó padà dé, ẹrù rẹ̀ ti wà ní èbúté, òjò ti pa á. Bàbá mi ní obìnrin tó lè jáde nílé òun láìgbàṣẹ, kò sóhun tí kò lè ṣe. Ìyá mi kúnlẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́, kò gbà. Èmi ò bá a lọ. Ti baba lọmọ, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Mo kéré tó bẹ́ẹ̀ tí mi ò rántí pé ẹnikẹ́ni dágbére fún mi. Ohun tí mo mọ̀ ni pé mo jí láàárọ̀ ọjọ́ kan lórí ẹní ìyálé.

Ìyálé ilé wa kò na ọmọ rí. Kí n sọ òótọ́. Kò febi pa mí, kò fi iná jó mi bí mo ṣe ń gbọ́ pé wọ́n ń ṣe fún àwọn ọmọ mìíràn. Ẹnu rẹ̀ ni pàṣán rẹ̀. Kò pẹ́ tí ìyá mi lọ ni bàbá mi ra àwòrán ẹṣin yẹn, tó gbé e kọ́. Lọ́jọ́ kan, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà pálọ̀, mò ń sunkún, ìyálé sì ń gbálẹ̀.

"Kí ló ń pa ọ́ lẹ́kún láti àárọ̀?"

"Ìyá mi ni mo fẹ́ rí."

"Ìyá rẹ?" Ó nàró, ó na ìgbálẹ̀ sí ògiri. "Ṣebí òun nìyẹn. Ó kọ̀ kò kírun dáadáa, Ọlọ́run bá sọ ọ́ di ẹṣin. Ojú rẹ̀ nìkan ló ṣẹ́kù. Bàbá rẹ ṣàánú rẹ̀ ló fi gbé e kọ́ síbẹ̀, kí òjò má bàa pa á."

Ìyàwó kejì wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣa ìrẹsì. Ẹ̀rín pa á títí ó fi da ìrẹsì nù. "Ìyá wa, ẹ̀yin obìnrin yìí, ẹ fẹ́ fi ẹ̀rín pààyàn!"

Mo gbà á gbọ́. Ìyá mi lọ, obìnrin yìí dé. N kò rí ìyá mi mọ́, obìnrin yìí sì ń wò mí. Kí lẹ fẹ́ kí ọmọdé rò?

Láti ọjọ́ náà, kí n tó lọ kí bàbá mi láàárọ̀, mo ti kọ́kọ́ kúnlẹ̀ fún ẹṣin. "Ẹ káàárọ̀, mà." Bí wọ́n bá na ọmọ kan níta tí èmi náà bá gba tèmi níbẹ̀, abẹ́ rẹ̀ ni mo máa ń lọ jókòó sí. Mo ń ro ẹjọ́. Mo sọ fún un pé àkàrà tí wọ́n fún mi kéré sí ti àwọn tó kù. Mo sì gbọ́ pé koríko lẹṣin ń jẹ, mo bá ń lọ já a lẹ́yìn ilé, mò ń gun orí àga bàbá mi, mò ń kì í bọ ẹ̀yìn férémù. Títí ewúrẹ́ ilé wa fi gbóòórùn rẹ̀. Ewúrẹ́ náà gun orí àga, ó fẹsẹ̀ méjì ti ògiri, ó ń já koríko jẹ lẹ́yìn ẹṣin Ànábì nígbà tí bàbá mi àti ààfáà kan wọlé.

"Ta ló ń kó koríko sí pálọ̀ mi?"

Ìyálé ló dáhùn. "Ọmọ Ẹṣin ni. Oúnjẹ ìyá rẹ̀ ló ń gbé wá."

Ó ròyìn gbogbo rẹ̀ fún wọn. Ààfáà ní, "Astagafurulai," ó wo ilẹ̀. Bàbá mi ò bínú. Mo ń wò ó, mo rò pé ó máa sọ pé irọ́ ni, tàbí pé òótọ́ ni. Kò sọ ọ̀kan. Ó rẹ́rìn-ín, ó lé ewúrẹ́ jáde.

Bí mo ṣe di Ọmọ Ẹṣin nìyẹn. "Ọmọ Ẹṣin, lọ pọnmi." "Ọmọ Ẹṣin, ẹsẹ̀ rẹ mẹ́rin ni, kí ló dé tí o ò yára?" Àwọn ọmọ àdúgbò mú mi létí ọ̀sà, wọ́n tú ìró nídìí mi, wọ́n ń wá ìrù. Ọ̀kan nínú wọn ní ó ti ń hù. Mo fi ọwọ́ kàn án fúnra mi kí n tó mọ̀ pé irọ́ ló ń pa.

Ọdún Iléyá kan, olówó kan ní àdúgbò wa ránṣẹ́ mú ẹṣin wá láti òkè, kó lè gùn ún lọ sí yídì. Ẹṣin gidi tí mo kọ́kọ́ rí nìyẹn. Gbogbo èèyàn ti jáde síta, ìyálé sì ké sí mi láàárín wọn.

"Ọmọ Ẹṣin, sáré wá! Àbúrò ìyá rẹ dé. Lọ bi í bóyá ara ìyá rẹ le."

Mo lọ. Aṣọ ọdún wà lọ́rùn mi. Ojú ẹṣin náà gùn, kò jọ ojú ènìyàn rárá, ó kó ìdààmú bá mi, ṣùgbọ́n mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ kú ọdún o." Ó tẹ orí wálẹ̀. Mo rò pé ó fẹ́ sọ̀rọ̀ sí mi létí, mo sì sún mọ́ ọn. Eyín ló fi gbá mi mú léjìká. Ìgbà tí wọ́n já mi gbà lẹ́nu rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ti bo aṣọ mi. Ìyálé ló gbé mi wọlé, òun ló fi omi gbígbóná jó ojú egbò náà. Ó ń ṣe é pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó sì ń sọ fún ìyàwó kejì pé, "Ó mà ṣe o, àwọn ẹbí rẹ̀ ò mọ̀ ọ́n."

Mi ò mọ̀ bóyá eré lásán ni ó ń ṣe ní gbogbo ìgbà yẹn, tàbí ó mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀. Ó ti kú, mi ò bi í.

Ọjọ́ náà dé nígbà tí eyín iwájú mi ti ká. Ọjọ́ Jímọ̀ ni, wọ́n ti kírun tán. Obìnrin kan àti ọkùnrin kan gúnlẹ̀ sí èbúté, wọ́n gba ìta wọ pálọ̀ bàbá mi, wọ́n jókòó sórí ìjókòó àlejò. Mo wà lẹ́yìn ilé, mi ò mọ̀ pé nítorí mi ni. Lẹ́yìn náà ni mo ń gbọ́ ohun tí wọ́n sọ lẹ́nu àwọn tó wà níbẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn ni, torí bàbá mi ní kí àwọn ará ilé wá jókòó ṣẹlẹ́rìí.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi lọkùnrin náà. Ó ní, "Àna wa, a ò bá ìjà wá. Ẹ jẹ́ kí ọmọ wa máa mú ọmọ rẹ̀ lọ."

Bàbá mi ní, "Èmi kì í ṣe ìkà ènìyàn. Ọmọ náà ti ń gbọ́n. Ẹ jẹ́ ká pè é síbí. Bó bá fúnra rẹ̀ nawọ́ sí ìyá rẹ̀, kí ìyá rẹ̀ máa mú un lọ, n kò ní bèèrè rẹ̀ mọ́ láyé. Ṣùgbọ́n bí kò bá mọ̀ ọ́n, kí ọkọ̀ yín má tún gúnlẹ̀ sí èbúté wa nítorí ọmọ yìí mọ́. Ṣé ẹ gbà?"

Ìyá mi yára dáhùn, ó ní òun gbà. Ìyá wo lọmọ rẹ̀ ò ní mọ̀?

Ìyálé ló wá mú mi lẹ́yìn ilé. Ó bọ́ mi lójú, ó fi àdín pa mí lẹ́sẹ̀, ó wọ aṣọ mímọ́ fún mi. Kò sọ ohunkóhun fún mi. Kò sí ohun tó kù tó fẹ́ sọ.

Pálọ̀ kún. Mo rí obìnrin kan tó dúdú, oòrùn àti ẹ̀fín ti sọ awọ rẹ̀ di bí ìsàlẹ̀ ìkòkò. Ó ń rùn ẹja. Ó ń wò mí bí ẹni tí ebi ń pa, aṣọ ọmọdé kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rán wà lábẹ́ apá rẹ̀. Ẹ̀rù rẹ̀ bà mí. Mo lọ sápamọ́ sẹ́yìn ìyálé.

Bàbá mi ní, "Wá síwájú. Má bẹ̀rù. Ta ni ìyá rẹ nínú pálọ̀ yìí? Nawọ́ sí i."

Mo nawọ́ sí ògiri.

Ìyàwó kejì ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, gbogbo pálọ̀ bá gbà á lẹ́nu rẹ̀. Àwọn kan ń lu ara wọn léjìká. Bàbá mi rẹ́rìn-ín títí, ó ń fi etí agbádá nu omi ojú. Èmi náà rí i pé mo ti ṣe ohun tó dùn mọ́ gbogbo wọn, mo bá tún nawọ́ lẹ́ẹ̀kejì, mo ní, "Òun nìyẹn. Mo máa ń fún un ní koríko." Wọ́n tún rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi dọ̀bálẹ̀. "Àna wa, ẹ wo ẹnu ọmọ yìí, eyín rẹ̀ ò tíì hù padà. Kí ló mọ̀?"

"Àdéhùn ni," bàbá mi wí. "Ẹ̀yin náà gbà á lójú gbogbo ayé."

Ìyá mi ò bẹ̀bẹ̀. Ó dìde, ó lọ síwájú àwòrán náà, ó wo obìnrin inú rẹ̀ láti adé dé ìrù. Ó wá yíjú sí mi. Ó ní, "Ìyá rẹ lẹ́wà." Ó sì gbé aṣọ tó mú wá padà lọ sínú ọkọ̀.

Nígbà tí mo tó bí ọmọ ọdún mẹ́wàá, bàbá mi fi mí ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀ obìnrin ní Ìkòròdú, kí n lọ máa ràn án lọ́wọ́. Ẹ̀kọ tútù ni àǹtí yìí ń ṣe. Èmi ni mo ń gbé e kiri ní Ìpakodò, ní etí omi, níbi táwọn èrò ti ń wọ ọkọ̀ lọ sí Èkó. Mo ti gbọ́n díẹ̀ nígbà yẹn. Mo mọ̀ pé ẹṣin kì í bí ènìyàn. Ṣùgbọ́n n kò lè ju obìnrin yẹn nù bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo sọ fún ara mi ni pé ayàwòrán kan ló rí ìyá mi níbì kan, tí ẹwà rẹ̀ wù ú, tó fi ya ojú rẹ̀ sára ẹṣin.

Lẹ́yìn bí ọdún méjì tí mo ti wà níbẹ̀, ọkùnrin kan tẹ́ àwòrán sílẹ̀ lórí ẹní ní èbúté lọ́jọ́ kan. Àwòrán Mọ́kà wà níbẹ̀, ti kìnnìún wà níbẹ̀. Ojú mi bọ́ sára ìyá mi. Mo sọ àtẹ ẹ̀kọ kalẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, níbo ni wọ́n ti rí obìnrin yìí yà?"

"Ẹṣin Ànábì ni. Òkè òkun ni wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́. Ṣé o fẹ́ rà á ni?"

"Ìyá mi ni."

Ó wò mí láti òkè délẹ̀. Ó ké sí àwọn ọlọ́kọ̀. "Ẹ wá gbọ́ o! Ọmọ ẹlẹ́kọ yìí rí ìyá ẹ̀!" Ó ṣí àpótí tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó wọn jáde bí ẹni ń ṣí ewé lára ẹ̀kọ. Ojú kan náà. Adé kan náà. Tìróò kan náà. "Ìyá rẹ pọ̀ lọ́wọ́ mi, ọmọ dáadáa. Mú méjì, kí wọ́n lè máa bára wọn sọ̀rọ̀ bí o bá kiri ẹ̀kọ lọ."

Àwọn ọlọ́kọ̀ rẹ́rìn-ín. Mo ti mọ ẹ̀rín yẹn, pálọ̀ bàbá mi ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ìgbà náà ló yé mi ohun tí wọ́n fi mí ṣe lọ́jọ́ Jímọ̀ yẹn, ó sì yé mi ẹni tí obìnrin tó ń rùn ẹja yẹn jẹ́.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá a. Kò ṣòro tó bí mo ṣe rò. Àwọn obìnrin Ìlàjẹ ń gbé ẹja wá sí èbúté kan náà, mo sì ń bi wọ́n léèrè obìnrin tó ti fẹ́ ìmàle rí ní Ẹ̀pẹ́. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Mo mọ̀ ọ́n. Ó wà lọ́nà Ìbẹ̀ṣẹ̀, ó ti fẹ́ apẹja. Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

Mo ní, "Ẹja ni mo fẹ́ rà lọ́wọ́ rẹ̀."

Ó gbé mi sínú ọkọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ ọjà. Mo bá ìyá mi nídìí ààrò, ó ń yí ẹja lórí iná. Ó gbójú sókè. Ó mọ̀ mí lójú ẹsẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lókè iná, kò gbé e kúrò títí iná fi jó o. Ó gbọn ọwọ́ náà, ó ní, "Ẹ káàbọ̀. Irú ẹja wo lẹ fẹ́?" Bí wọ́n ṣe ń kí àlejò.

Mo kúnlẹ̀ sínú eérú. "Ìyá mi, èmi ni."

"Dìde, ilẹ̀ dọ̀tí." Ó wo ẹ̀yìn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ọkọ mi wà lórí omi, kò ní pẹ́ dé. Gbọ́ mi. Ọjọ́ tí mo jáde ní pálọ̀ bàbá rẹ, mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi nínú ọkọ̀ pé n kò bímọ rí. Nígbà tí ọkùnrin yìí ń bọ̀ wá fẹ́ mi, ohun tí mo sọ fún òun náà nìyẹn. Ṣé o fẹ́ wá tú ilé mi ni?"

"Ọmọdé ni mí nígbà náà, mà. Wọ́n tàn mí ni."

"Mo mọ̀ pé ọmọdé ni ọ́. Mo mọ̀ pé wọ́n tàn ọ́. N kò tíì gbàgbé ẹyọ ọ̀kan nínú àwọn tó jókòó síbẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi ni mo gbé ẹ̀rín wọn wọ ọkọ̀, kì í ṣe ìwọ."

Àwọn ọmọ mẹ́ta sáré dé láti etí omi. Èyí obìnrin tó kéré jù ní imú mi gan-an. Ìyá mi yí padà sí ẹja rẹ̀. Ó ní, "Ẹ kí oníbàárà wa. Ìkòròdú ni wọ́n ti wá."

Wọ́n kúnlẹ̀ kí mi. Mo ra ẹja. Owó ẹ̀kọ àǹtí mi ni mo fi rà á, nígbà tí mo délé ó nà mí títí ọwọ́ fi ro ó. Ṣùgbọ́n ẹja náà tà kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, ó dán, kò ní iyanrìn, àwọn aládùúgbò sì ń bèèrè òmíràn. Àǹtí mi gbé owó fún mi fúnra rẹ̀, ó ní kí n tún lọ. Bí mo ṣe di ẹlẹ́ja nìyẹn, iṣẹ́ tí mo fi tọ́ àwọn ọmọ mi.

Gbogbo ọjọ́ ọjà ni mò ń lọ. Mo di oníbàárà rẹ̀ lóòótọ́. A jọ ń ná ọjà, a jọ ń jiyàn lórí ẹja tó fọ́. Ọkọ rẹ̀ mọ̀ mí, ó máa ń bá mi gbé agbọ̀n wọ ọkọ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ ń pè mí ní àǹtí. Obìnrin náà lawọ́, gbogbo èbúté ló mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀: ẹni tó bá rajà lọ́wọ́ rẹ̀, á bu ẹja wẹ́wẹ́ sí i lórí fún ènì, nígbà mìíràn kí onítọ̀hún tó bèèrè. Kò sọ ẹyọ kan sínú agbọ̀n tèmi rí. Mo rò pé ó ń gbàgbé ni. Lẹ́yìn náà mo rò pé ó ń fi í pamọ́ fún mi, pé ọjọ́ kan yóò fún mi ní gbogbo rẹ̀ lápapọ̀. Mo ti tó omidan kí n tó lè ṣí ẹnu bèèrè.

Èrò pọ̀ nídìí ààrò lọ́jọ́ yẹn. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bu ènì fún obìnrin tó wà níwájú mi ni. Mo ní, "Ìyá ẹlẹ́ja, tèmi ńkọ́?"

Kò gbójú sókè. "Tìrẹ wo?"

"Ènì mi."

"Ẹni tí mo bá fẹ́ kó padà wá ni mo máa ń fún ní ènì."

Àwọn oníbàárà rò pé eré ni, wọ́n rẹ́rìn-ín. Obìnrin iwájú mi ní, "Ẹ ò rí i, ó mọ̀ pé ọmọ yìí á padà wá láìgba ènì!" Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo gbé agbọ̀n mi, mo wọ ọkọ̀.

Ọjọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, èmi ni mo kọ́kọ́ débẹ̀.